Ọwọ́ Kan Ni Kó Máa Fún Un

Ọdún 1958 ni mo kọ́kọ́ rí Ọ̀ṣúnrónkẹ́, níbi tó ti ń bu oògùn fún àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn kékeré kan ní Àpòmù. Mo gbé ìgò òfìfo lọ́wọ́, mo ní kó bá mi bu oògùn ìrora bàbá mi sí i.

Ó yẹ ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò náà wò. "Ọ̀sẹ̀ méjì ló yẹ kí èyí lò. Ọjọ́ márùn-ún péré rèé! Ta ló ń fún Bàbá?"

"Gbogbo wa ni," mo dáhùn, tìdùnnú-tìdùnnú.

Òótọ́ ni. Àwọn ìyá mi mẹ́ta kò fẹ́ kí orogún tọ́jú ọkọ ju àwọn lọ. Bí Bàbá bá ti kérora báyìí, ẹni tó bá wà nítòsí á gbé ṣíbí.

Ojú Ọ̀ṣúnrónkẹ́ yí padà. "Ẹ gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yín. Ó yá!"

Nígbà tí a dé ilé wa ní Ìkirè, Bàbá ń sùn. Inú wa ti ń dùn pé ó ń rí oorun sùn. Àṣé oògùn ti pọ̀ jù lára rẹ̀, èémí rẹ̀ ló ń tán lọ. Ọ̀ṣúnrónkẹ́ gbé e jókòó, ó ń fi oríkèé ìka ra igbá àyà rẹ̀ kíkankíkan. "Bàbá! Ẹ mí! Ẹ má sùn!"

"Ta lọmọ tó ń jágbe mọ́ ọkọ wa yìí?" ìyá mi bínú. Ọ̀ṣúnrónkẹ́ kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní ká wá ọkọ̀, ó sì ń pe Bàbá nínú rẹ̀ títí a fi dé ọ̀dọ̀ dókítà n'Ibàdàn.

Bàbá yè. Dókítà dín oògùn náà kù, Ọ̀ṣúnrónkẹ́ sì ní ọwọ́ kan ni kó máa fún un, kí ẹni náà ti oògùn mọ́ inú àpótí, kó sì fi ẹfun sàmì sára ògiri nígbàkúùgbà tó bá fún un. Èmi ni wọ́n yàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àpòmù láti bèèrè ohun tí mo ti mọ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Nígbà tí mo ní òun ni mo fẹ́ fẹ́, ìyá mi fárígá. "Mọ́nsúrù, èyí tó jágbe mọ́ bàbá rẹ?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Gbogbo yín ń rọra sọ̀rọ̀ kí n lè sùn. Òun nìkan ló pè mí padà. Ẹ lọ tọrọ rẹ̀."

A fẹ́ra, a sì jọ gbé títí a fi darúgbó. Nígbà tí ìrora wá kan òun náà, èmi lọwọ́ kan ọ̀hún. Á ní, "Olówó orí mi, ṣé ẹ ti sàmì?"

Mo ti sàmì. Èyí tó kẹ́yìn ṣì wà lára ògiri wa. Àwọn ọmọ fẹ́ kun ilé lọ́dà. Mo ní kí wọ́n fi ògiri yẹn sílẹ̀.