Irin tí Ebi Ń Pa

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó má gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ṣojú wọn ṣì ń mí, inú ilé yẹn náà ni wọ́n sì ń gbé.

Obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ omi. Òun ló ń yẹ omi wò kí wọ́n tó ṣí i sí ẹ̀rọ ìlú, nítorí náà Olómi ni àdúgbò ń pè é. Ẹ̀rọ náà kò dé òpópónà tirẹ̀. Omi kànga ni wọ́n ń mu nílé, òun, ìyá ọkọ rẹ̀ àti ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Tíńtín. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń rẹ aṣọ láró bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀gbin rẹ̀ sílẹ̀ nítòsí, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà. Wọ́n se omi títí, pàbó ló já sí. Ó rù kan egungun. Dókítà ní bó bá ń lọ báyìí, ọmọ náà lè má pẹ́.

Ni Olómi bá bu ìyẹ̀fun kan wálé láti ibi iṣẹ́, ó ń dà á sínú àgbá tí wọ́n ń pọn omi kànga sí. Irin ni, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n ti já nǹkan gbà lára rẹ̀ débi pé ebi ń pa á. Bó bá kan omi, omi á di elésè àlùkò. Á wá máa já tirẹ̀ gbà padà lára ohun tó bá bá níbẹ̀: aró, òórùn, májèlé, kòkòrò tójú kò rí. Ohun tó bá já gbà lára rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́. Bí irin náà bá yó, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, á di erùpẹ̀ pupa bíi ti irin tó dógùn-ún, á rọra rọ̀ sísàlẹ̀ àgbá.

"Ìyàwó mi, ṣé o fẹ́ rẹ ọmọ wa láró ni?" ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí nígbà tó yọjú sínú àgbá.

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Ó máa ṣá."

Ó sì ṣá. Tíńtín mu ún, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mókun. Olómi, tó máa ń wọn ìyẹ̀fun ibi iṣẹ́ bí ẹni wọn wúrà, bá sọ tilé di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bó bá wọn ọ́n tán, á tún bu díẹ̀ lé e, á ní ti ọmọ òun nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, àwọ̀ náà kò ṣá. Ilẹ̀ mọ́, elésè àlùkò ni. Ọ̀sán pọ́n, elésè àlùkò ni. Èyí kọ ọ́ lóminú, torí bí irin yẹn kò bá tilẹ̀ rí nǹkan kan jẹ, ńṣe ló yẹ kó bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí kò bàjẹ́. Ó dúró. Omi náà kò mì.

Ìyá àgbà pè é sí ilé ìdáná. Ó gé àlùbọ́sà, kò ta á lójú. Ó gbé e símú, kò rùn. Ó ní bóyá imú òun ló darúgbó. Olómi gbóòórùn kẹrosíìnì: òfo. Ọṣẹ: òfo. Ó sáré wọ yàrá, ó fa aṣọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú yọ, èyí tó fi pamọ́ láìfọ̀ nítorí òórùn òógùn ara rẹ̀. Òfo. Ó jókòó, aṣọ lórí itan. Ilé dákẹ́. Eṣinṣin kan kò kùn.

Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti jẹ tinú omi tán, ó ti ń jẹ tinú ilé."

Olómi fò dìde, aṣọ já bọ́ lórí itan rẹ̀.

"Ọmọ dà?" ni ìyá àgbà tún bi í.

Wọ́n bá Tíńtín lẹ́bàá àgbá. Ó fi àgbọ̀n lé etí àgbá náà, ó ń wo inú omi, kò fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n ṣe ń wò ó, àwọ̀ náà ń ṣá. Láti ọ̀dọ̀ ọmọ ló ti bẹ̀rẹ̀, títí gbogbo omi fi mọ́ gaara. Olómi já a gbà mọ́ra, ó bi í pé kí ló ń ṣe é.

"Kò sí," ni ọmọ náà wí. "Inú ò run mí mọ́."

Òótọ́ ni. Kò run ún mọ́. Dókítà ní òun kò tíì rí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń ṣeré. Àlùbọ́sà tún ń ta lójú. Ṣùgbọ́n bí Olómi bá fi imú mọ́ orí ọmọ rẹ̀, bí abiyamọ ṣe máa ń ṣe, bí ẹni gbóòórùn àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ni.

Erùpẹ̀ pupa tó kù nísàlẹ̀ àgbá pọ̀ ju ìyẹ̀fun tí wọ́n dà sí i lọ fíìfíì. Olómi gbé e lọ sẹ́yìn ilé láti dà á nù. Ó tẹ̀ ba, ó dúró. Ó tún tẹ̀ ba. Òórùn orí Tíńtín ló ń gbọ́ níbẹ̀, bó ṣe máa ń rí bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

"Má dà á nù," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ni kí n wá fi ṣe, Màmá?"

Ìyá àgbà wọlé, ó gbé ìkòkò kan jáde.

Erùpẹ̀ náà ṣì wà nínú ìkòkò yẹn, lábẹ́ ibùsùn Olómi, pẹ̀lú ìdérí. Bó bá fọwọ́ kan ìkòkò náà, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tíńtín kì í wọ yàrá yẹn mọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó má wọ̀ ọ́.