Ìsopọ̀ Tí Kì Í Sọ Ẹnìkan Nù

Ẹfun ti ta sí Affis nírùngbọ̀n lọ́jọ́ tí Houda kọ́kọ́ rí i ní Savalou, níwájú pátákó, tó ń bá àmì kan jà. Eruku pupa ọ̀nà Bantè ni Houda náà fi bora. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo ń kọ àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn?" ni Affis bi í.

"Èmi ni. Yorùbá ẹnu rẹ yìí, ọjà lo ti rà á?"

"Ọmọ Mahi ni mí, èdè mi yàtọ̀ sí tiyín. Rọra bú mi, arẹwà."

Iṣẹ́ wọn nìyẹn ní ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀. Houda á kọ ìbéèrè sínú ètò kọ̀ǹpútà, ní èdè ètò náà gan-an; irinṣẹ́ tí Affis ń ṣe á tú u sí ìṣirò lórí àwọn tábìlì àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́: yàn, gé, so pọ̀. Kí ìtumọ̀ má ṣe yẹ̀ ni olórí làálàá. Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí "so pọ̀" ni ìfẹ́ ti wọlé.

Lọ́jọ́ tí Affis fẹ́ wá tọrọ Houda lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Bàbá Yacoubou, ní Koko, ẹgbẹ́ pín ẹ̀bù iṣu. Ọwọ́ òfo ni Bàbá fi délé.

"Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí! Èmi tí mo wà níbẹ̀ nígbà tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀!"

Houda rántí ìbéèrè tó kọ fún àkójọ àwọn tó máa gba ẹ̀bù. Gbogbo àgbẹ̀ ló béèrè fún, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tó bá ní. Bàbá kò ní fóònù. Ọwọ́ Affis ni ìtumọ̀ ti yẹ̀. Houda sáré pàdé Affis, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ẹgbẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà.

"Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́, má sọ ọ́. Bí Bàbá bá mọ̀, ọ̀rọ̀ wa parí."

Affis sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irọ́ wọ ilé yín, inú irọ́ la ó máa gbé."

Ó dọ̀bálẹ̀ láàárín àgbàlá. "Bàbá, èmi ni mo sọ yín nù."

Houda kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Báwo?" ni Bàbá wí.

"Mo so àgbẹ̀ mọ́ fóònù, ẹni tí kò ní fóònù sì bọ́ sọnù. Mo ti fi ìsopọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀: bí fóònù ò bá tilẹ̀ sí, àgbẹ̀ á dúró. Ẹ̀bù yín wà lórí alùpùpù mi."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Kì í ṣe ẹ̀bù ló ń bà mí lẹ́rù. Rahimath, ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí, ní ọkọ Mahi ní Savalou. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò lè fi èdè wa kí mi. A so yìgì rẹ̀, a sì sọ ọ́ nù."

Omi lé ròrò lójú Houda. Èyí kò tíì jáde lẹ́nu Bàbá rí.

"Bàbá," ni Affis wí, ó ṣì dojú bolẹ̀, "ìsopọ̀ kejì yẹn, èyí tí kì í sọ ẹnìkan nù, ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún."

"Èdè wa ni àwọn ọmọ yín á fi kí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," Houda dáhùn, "wọ́n á sì fi Mahi kí ìyá Affis. Ẹnìkankan ò ní bọ́ sọnù."

Bàbá ní kí wọ́n lọ pe àfáà nítorí yìgì wọn.