Ọ̀nà Ọ̀bọ Lẹ́yìn Ilé Euloge

Bàtà kan já bọ́ láti òkè, ó balẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ Flavienne. Nígbà tó gbójú sókè, ọkùnrin kan ló rí lórí igi máńgòrò, tó ń so okùn ńlá kan kọjá lókè títì ìlú Pobè. Ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ ti ya.

"Ṣé òjò bàtà ló ń rọ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, màmá."

"Ta ni màmá ẹ?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀ dáadáa, ó rí i pé ọmọge ni. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú.

Ṣóbándé lorúkọ rẹ̀. Orí okùn yẹn ni ọ̀bọ yóò máa gbà kọjá, kí kámíọ́n akẹ́rù má baà tẹ̀ wọ́n pa. Igbó wà lápá kan ìlú, igbó kékeré mìíràn wà létí odò, ilé ló kún àárín. Ọ̀bọ tó bá há sí apá kan kì í rí oúnjẹ tó, ìbátan rẹ̀ nìkan ló sì máa rí fẹ́. Nítorí náà ni Ṣóbándé ṣe ń bẹ àwọn onílé pé kí wọ́n má gé igi ẹ̀yìnkùlé wọn, kí ẹ̀ka lè kan ẹ̀ka títí dé odò.

"Ìwọ náà ńkọ́, o ti rí ẹni fẹ́?" Flavienne bi í.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ju bàtà lù ú ni."

Ó mú ẹ̀wù tó ya wá fún un rán. Ó tún mú òmíràn wá. Flavienne rí i pé abẹ ni wọ́n fi fa ẹ̀kẹta ya. Ó rán an síbẹ̀.

Nígbà tí Ṣóbándé wá tọrọ rẹ̀, Euloge, bàbá Flavienne, fún un níṣẹ́ àna, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ọkọ ìyàwó nílé wọn.

"Gé gbogbo igi ẹ̀yìnkùlé mi. Ògiri ni mo fẹ́ mọ síbẹ̀. Ọ̀bọ ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi tó."

Igi wọ̀nyẹn ló kángun sódò. Bí wọ́n bá gé wọn, ọ̀nà náà já nìyẹn.

Ṣóbándé dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ fún mi níṣẹ́ mìíràn, bó ti wù kó le tó. Èyí ni mi ò lè ṣe."

"Ṣé ọ̀bọ lo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Flavienne ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá gé e, mo ti purọ́ fún gbogbo onílé tí mo bẹ̀. Òpùrọ́ lẹ ó fi ọmọ yín fún."

Ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú bàbá ọmọ tó ń wá ò pọ̀.

Euloge fi oko kan hàn án ní abúlé Towé, koríko eèkan ló bò ó, ó ní kó ro ó tán. Àwọn ọ̀rẹ́ Ṣóbándé bá a dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tí ọwọ́ wọn bó, wọn ò wá mọ́. Òun nìkan ló kù.

Ọmọge kì í fọwọ́ kan ọkọ́ níbi iṣẹ́ àna tirẹ̀. Oúnjẹ ló ń gbé wá. Flavienne gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó mú ọkọ́.

"Bàbá á bínú o!"

"Kí wọ́n bínú. Kọjú síṣẹ́ ẹ."

Ibẹ̀ ni Euloge bá wọn. "Flavienne! Ta ló ń fẹ́ ta?"

"A jọ ń fẹ́ra wa ni, Bàbá. Ẹ gé igi yẹn, ẹ má gé e, n ó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe yẹn dáa, ẹ̀yin náà mọ̀."

Euloge wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára igi ọkọ́ Ṣóbándé. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Gbé e wá. O ò mọ̀ ọ́n lò, o kàn ń ba ilẹ̀ mi jẹ́."

Ó dúró ti Ṣóbándé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Kò gbórí sókè nígbà tó bá Ṣóbándé sọ̀rọ̀.

"Wá fi ibi tí n ó mọ ògiri náà dé hàn mí. N ó fi igi sílẹ̀."

Ṣóbándé dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Flavienne fà á jókòó, ó da omi sí i lọ́wọ́, ó ṣí oúnjẹ.

"Ṣé wàá fẹ́ mi lóòótọ́?" Ṣóbándé bi í.

"Jẹun," ni Flavienne wí. "Ìyàwó ẹ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀."