Èémí Lórí Wáyà Gbígbóná

"Tún un ṣe," ni Motún wí.

Loveth ki sípóòkù ọ̀kadà tí wọ́n fi dípò wáyà yàrá àyẹ̀wò bọ iná sítóòfù títí ó fi pọ́n. Ó yọ ọ́, ó sì fẹnu fẹ́ ẹ, fùù, fùù.

"Ó dáa! Bí iná bá ti pa kòkòrò àìfojúrí ara wáyà tán, fẹ́ ẹ kó tètè tutù."

Irọ́ ni, Motún sì mọ̀. Kòkòrò kún inú èémí ènìyàn; ńṣe là ń dúró kí wáyà tutù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni yàrá àyẹ̀wò kan ní Ore fẹ́ gbà, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì pè wá ṣe ìdánwò. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Motún ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Odigbo, tí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ àyẹ̀wò rẹ̀ wà nínú àpótí. Pólì tí Loveth lọ kò ní irinṣẹ́, òun ló wá bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó kọ́ òun.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe é. Bí Loveth bá gbàgbé, Motún á gba sípóòkù, á fẹ́ ẹ kó rí i, á sì máa fi í rẹ́rìn-ín nínú ọkàn rẹ̀. Ọ̀dẹ̀!

Lọ́jọ́ ìdánwò, Loveth ló kọ́kọ́ wọlé. Ẹkún ló sun jáde. Motún dì mọ́ ọn, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi," inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

Ó wọlé. Ó fọwọ́, ó fi sípírítì nu tábìlì, ó ki wáyà bọ iná. Ìyáàfin Ọlọ́runtóyìn, ọ̀gá ibẹ̀, tẹjú mọ́ ọn. Kí Motún tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti ṣe fùù, fùù, bó ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ mẹ́wàá.

"Ìwọ náà?" Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé itọ́ rẹ lo fẹ́ gbìn sínú abọ́ àyẹ̀wò wa ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n mà! Mo mọ̀ pé a kì í fẹ́ ẹ! Èmi ni mo kọ́..." Ó pa ẹnu mọ́, ó ti pẹ́ jù.

Ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀gá. "Ìwọ lo kọ́ ọ ní ohun tó o mọ̀ pé kò dáa? Mo lè kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ìwọ ṣe? Lọ pè é wá."

Motún kò ní láti pè é. Ẹnu ọ̀nà ni Loveth dúró sí.

"Motún, o mọ̀?"

Motún tẹ orí ba, ó bọ́ síta. Loveth gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Motún dé Odigbo, ìyá rẹ̀ na ọ̀bẹ sí i láì béèrè nǹkan kan. Ó jókòó ti ẹ̀gẹ́. Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Ohun tí a bá fi ọwọ́ ara wa kọ́ ẹlòmíràn, ọwọ́ wa náà ń kọ́ ọ.