Àwọn Tó Ti Délé

Nígbà tí Akọ̀wé pe ilé láti etí òkun ní ọjọ́ kẹrin ìsinmi wọn, ẹ̀rín ni ìyá rẹ̀ fi gba fóònù.

"Ọ̀lẹ yìí mà pọ̀ o! Ṣé inú yàrá lo ti ń pe èmi tí mo wà ní pálọ̀?"

Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. "Màámi, etí òkun la ṣì wà. Ó dọ̀túnla ká tó délé."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọlé lánàá, tí mo fọwọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn fún?" Ìyá yí ẹnu kúrò lára fóònù, ó kígbe sẹ́yìn: "Ẹ fi mí sílẹ̀ o, mi ò ráyè eré!"

Ibẹ̀ ni Akọ̀wé ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ẹnì kan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sinmi díẹ̀, ó tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹlòmíì tó ń wúkọ́ báyẹn láyé yìí, àfi òun. Kó tó ráhùn sọ, ìyá ti pa fóònù.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ akọ̀wé láìgba ìsinmi tó tó ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ náà ti jẹ orúkọ rẹ̀ run, débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá Akọ̀wé ló ń pè é. Aránṣọ ni ìyàwó yìí. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti ń gbọ́ pé lọ́jọ́ kan, wọn ó jọ wa mọ́tò gba etí òkun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí ẹni tó ń lé wọn. Ọjọ́ náà pàpà dé. Wọ́n fi ọmọ wọn kan ṣoṣo sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọmọbìnrin ọdún méje tí wọ́n ń pè ní Ológoṣẹ́ nítorí ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi. Àmọ́ ẹni tó fi ọmọ sílé, ara nìkan ló gbé jáde. Níbikíbi tí aránṣọ bá ti rí ìkarahun lórí yanrìn, á ní, "Ológoṣẹ́ á fẹ́ràn eléyìí." Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ẹ̀yìn mọ́tò ti ń dún ṣakaṣaka.

Akọ̀wé ro ohun tó gbọ́ lórí fóònù fún un. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń di ẹrù.

"Wa mọ́tò," ló wí. "Ilé là ń lọ."

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra nílé, apá òsì ni òkun wà. Tí wọ́n bá ṣẹ́rí padà, apá ọ̀tún ló yẹ kó bọ́ sí. Akọ̀wé yí mọ́tò po níwájú òtẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n ti sùn lọ́jọ́ méjì, ó kọjú sọ́nà ilé. Òkun wà lápá òsì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wo ipa táyà lórí yanrìn. Ó yí i po lóòótọ́. Ipa náà tẹ̀ bí etí ife. Ó tún un yí. Apá òsì.

"Má wò ó mọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Máa wà á lọ."

Wọ́n kọjá ilé epo kan tí kò séèyàn. Wọ́n kọjá ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Lẹ́yìn bíi wákàtí méjì, ilé kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán, obìnrin àgbà kan ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun níwájú rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti kúrò láàárọ̀ náà ni. Aṣọ tí obìnrin náà ń sá nígbà tí wọ́n ń lọ ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì ń kán lára rẹ̀. Wọ́n sáré kọjá. Nígbà tí wọ́n bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, Akọ̀wé wo abẹ́rẹ́ tó ń júwe epo. Kò kúrò lójú kan láti àárọ̀.

"Ẹ máa wọlé," ni obìnrin náà wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Oòrùn ti mú."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo la máa gbà kúrò níbí?"

"Ọ̀nà kan ló wà. Ẹ sì ti gbà á."

Ó mú wọn wọlé, ó ṣí ìwé àlejò sórí tábìlì. Ìwé náà pín sí méjì: ẹni tó dé á fọwọ́ sí apá kan, tó bá ń lọ, á fọwọ́ sí apá kejì. Akọ̀wé wo ibi tiwọn. Ó ti fọwọ́ sí apá méjèèjì, fún ara rẹ̀ àti fún ìyàwó rẹ̀, ọjọ́ kan náà, yíǹkì kan náà.

Ó rántí. Ní ọ́fíìsì wọn, àárọ̀ ni gbogbo wọn ti ń fọwọ́ sí wíwọlé àti jíjáde pa pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa tò sílà nírọ̀lẹ́. Àṣà tó bá ti di bárakú kì í tọrọ àyè kó tó jáde. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n dé òtẹ́ẹ̀lì ló ti fọwọ́ sí i pé wọ́n ti lọ.

"Ìwọ àti ìkánjú ẹ!" Aránṣọ kọjú sí i. "Ṣé wọ́n fẹ́ fún ẹ lówó oṣù níbí ni?"

"Ohun tó fọwọ́ sí lílọ nínú yín ti lọ," ni obìnrin náà wí. "Òun ló ti délé. Èyí tó kù ò lọ́nà."

Akọ̀wé fa bírò yọ, ó fi ìlà gbọọrọ pa orúkọ wọn rẹ́ lápá kejì. Níṣojú wọn, ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í tò kúrò lórí ìwé bí èèrà, títí ó fi tán. Orúkọ wọn wà níbẹ̀ kedere.

"Àfi tí ẹnì kan nínú ilé yín bá wo ojú àwọn tó ti délé yẹn," ni obìnrin náà tún wí, "tó sì sọ pé, ẹ kì í ṣe tiwa. Ẹnì kan ti tó. Àmọ́ kí oòrùn tó wọ̀ lónìí."

"Ṣé a ti rí ẹni tó bá bẹ́ẹ̀ kúrò níbí rí?" ni Akọ̀wé béèrè.

Obìnrin náà ń nu tábìlì. "Èmi náà, àlejò ni mo dé síbí."

Akọ̀wé pe ilé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ fetí lé fóònù. Ológoṣẹ́ ló gbé e.

"Ọmọ mi, Dádì ni. Dádì gan-an."

"Mo mọ̀." Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó sá pa mọ́ sábẹ́ tábìlì. "Mo ti mọ̀ látìgbà tí wọ́n ti wọlé. Mọ́mì tó wà níbí ò ní àpá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́."

Inú Akọ̀wé dùn débi pé omi lé sí i lójú. "Ọlọ́gbọ́n ọmọ! Lọ bá wọn, wo ojú wọn, kó o sọ pé, ẹ kì í ṣe tiwa. Ìyẹn nìkan. A ó sì máa bọ̀ kíá."

Síbí ń dún lára abọ́ lọ́nà jíjìn, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín.

"Dádì, wọ́n jókòó tì mí. Mo ro gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé fún wọn. Wọn ò wo aago."

"Ológoṣẹ́..."

"Mo tún un rò. Wọ́n tún gbọ́."

Aránṣọ já fóònù gbà. "Ọmọ mi, èmi ni mo bí ẹ. Àárò ẹ ń sọ wá, ó fẹ́ pa wá!"

"Àárò yín náà ń sọ mí," ni ọmọ náà wí. "Kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò ló ti ń sọ mí."

Ẹsẹ̀ ń bọ̀ wá síbi tó wà. Wọ́n gbọ́ ohùn ọkùnrin kan. Ohùn Akọ̀wé ni, ṣùgbọ́n ó tutù, kò kánjú rárá.

"Ta ló ń pè, ọmọ mi?"

"Wọ́n ṣi nọ́ńbà ni, Dádì."