Kí Ni Ṣéèlì?

"Ìwọ tó gba ogún nínú ogún, kí ni wọ́n ń pè ní ṣéèlì?"

Bàbá mi ló bi mí. Òkúta ló ń fọ́ jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹnjiníà ibi iṣẹ́ wọn ti pín àwọn àpáta ibẹ̀ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ sínú ìwé kan: gíránáìtì lápá òsì, ṣéèlì lápá ọ̀tún.

Ìwé ìdánwò mi wà lára ògiri lókè orí rẹ̀. Ó ti fi ìṣó kàn án síbẹ̀ bí àwòrán ìgbéyàwó. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni wọ́n bi wá, àmọ́ n kò mọ ẹyọ kan níbẹ̀. Ọmọ kíláàsì wa tí à ń pè ní Onílẹ́tà ló jí ìdáhùn wá fún mi: A, D, D, B, títí dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló ń ka ìtumọ̀?" ló wí. "Lẹ́tà ni kó o há sórí jàre."

Ojú tì mí láti sọ fún bàbá mi pé n kò mọ̀.

"Àpáta líle ni, Bàámi. Kò sóhun tó lè mì ín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn ojo ń sá fún apá ọ̀tún, níbi ṣéèlì, nítorí òjò. Ibẹ̀ gan-an ni màá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Ìwé ẹ̀kọ́ mi wà lórí tábìlì. N kò ṣí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n wá pè mí ní kíláàsì. Àpáta ti yọ̀ wó lé bàbá mi lẹ́sẹ̀. Kí n tó dé ọsibítù, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ méjèèjì.

Àbúrò rẹ̀ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kẹ́ ẹ débẹ̀?"

"Ẹnjiníà ló kọ ìkọkúkọ, ohun tó wó yìí kì í ṣe ṣéèlì," bàbá mi dáhùn tìrora-tìrora. "Ọmọ mi ti túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Ọmọ mi kì í purọ́."

"Ọlọ́pàá ni màá mú lọ bá ẹnjiníà yẹn!"

Mo kúnlẹ̀. "Bàámi, ẹnjiníà ò ṣẹ̀. Èmi ni mo purọ́. Mo jí ìdáhùn wò ni, mi ò mọ̀ ọ́n."

Kò bú mi. Ó kàn ní, "Kí ni ṣéèlì, nígbà náà?"

Síbẹ̀síbẹ̀, n kò mọ̀. Ilé ni mo ti lọ ṣí ìwé: "Àpáta tó wá láti ara ẹrẹ̀ tó dì. Ó máa ń ṣí ní ìpele ìpele, ó sì lè yọ̀ wó bí omi bá wọ inú rẹ̀." Ìlà méjì péré.

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Bàbá mi béèrè, èmi tó bi ni mo ṣì í lọ́nà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tẹ́ ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ojú lè tì yín o, àmọ́ ìtìjú kì í gé èèyàn lẹ́sẹ̀.