Ẹnu Tó Ní Òun Kò Mọ Ilé Ọmọ Náà

Àkàndé kì í mutí, kì í jà, kì í sì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Páànù ló ń tà nílùú Jos, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Síbẹ̀, ẹnu ọkùnrin yìí burú ju ọ̀bẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò Dadin Kowa. Kí ọmọ tó wọ ibẹ̀, àgbà kan gbọ́dọ̀ dìde nípàdé, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo mọ ilé rẹ̀." Wọn kì í gba ìwé dípò ẹnu. Bí àgbà náà bá ní, "N kò mọ ilé rẹ̀," ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Gbogbo ìpàdé ti mọ ohun tó ń sọ: ìran ẹrú ni ọmọ náà. Àkàndé nìkan ló sì kù nínú àwọn àgbà tó mọ ìdílé gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kan, Morónkẹ́ tó ń ta kárọ́ọ̀tì mú Rẹ̀mí ọmọ rẹ̀ wá sípàdé. Ọmọ náà ló gba ipò kìíní nínú ìdánwò. Àkàndé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"N kò mọ ilé rẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!" Morónkẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Kí lọmọ yìí fi ṣẹ̀ yín?"

Àkàndé ti jókòó. Irọ́ ló pa. Ó mọ ilé náà bí ẹni mowó. Bàbá àgbà rẹ̀ ló ra bàbá àgbà Morónkẹ́, tó mú un wá síbi iṣẹ́ ìwakùsà ní Jos. Láyé òyìnbó, nígbà tí àwọn ajíhìnrere gba bàbá Morónkẹ́ sí kíláàsì wọn, bàbá àgbà Àkàndé yìí kan náà ló wọlé lọ fà á létí jáde, tó gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́.

Kò pé oṣù kan tí ohùn Àkàndé bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó ní òtútù ọyẹ́ ni. Ó mu atalẹ̀ gbígbóná títí, kò lọ. Nígbà tí yóò fi dé ilé ìwòsàn, dókítà ní nǹkan ti hù sí i lọ́fun. Wọn yóò gé e lọ́jọ́ Ajé. Ó lè má sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ó sì lè má jí.

Ẹ̀rù bà á dé egungun. Oúnjẹ kò lọ mọ́. Bí ilé bá ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló ń gbọ́.

Akinolúwa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtọjọ́ pípẹ́, wá kí i láti àdúgbò Rantya.

"Tíṣà," Àkàndé ń rọra fi ohùn tó ti há sọ̀rọ̀, "ẹ̀rù ikú ń bà mí."

"Kì í ṣe ikú ló yẹ kó máa bà ọ́ lẹ́rù. Bí o bá dé ọ̀hún, tí Jésù ní òun ò mọ ilé rẹ ńkọ́?"

"Haba, Tíṣà! Èmi tí mi ò pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ rí?"

"O ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tà lò ń kórìíra. Jésù tí wọ́n tà, tí wọ́n kàn mọ́ igi bí ẹrú, nítorí ta ni? Ẹrú ni ìwọ náà, Àkàndé. Ẹ̀ṣẹ̀ ló ni ọ́. Òun nìkan ló lè rà ọ́ padà."

Àkàndé bú sẹ́kún. Ó dojú bolẹ̀. "Jésù, mo jẹ̀bi. Gbà mí." Ìbàlẹ̀ ọkàn tí kò ní rí wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé iṣẹ́ kan kù.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó dé ìpàdé, ó dìde. "Mo mọ ilé Rẹ̀mí."

"A ò gbọ́ o!" ni alága wí.

Ó tún un sọ. Wọn ò gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ létè rẹ̀. Ó di àga mú, ó fi gbogbo agbára tó kù kígbe: "Mo mọ ilé rẹ̀! Ilé wa ni. Mo purọ́!"

Wọ́n gbọ́. Morónkẹ́ kò kí i. Ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún.

Àkàndé jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ohùn ti lọ. Rẹ̀mí wà ní kíláàsì lónìí. Àwọn ọmọ mọ́kànlá mìíràn tí Àkàndé ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí látẹ̀yìnwá kò sí níbẹ̀. Ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé, ó gbé e lọ fún ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ní ẹnu làwọn ń gbà. Ọlọ́run ti dárí jì í, síbẹ̀ omijé kò gbẹ lójú rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ni o ti fojú ẹrú wò? Ta ni o ní kí ọmọ rẹ má fẹ́ nítorí ìdílé tó ti wá? Má sọ pé ó di ọ̀la. Ohùn ṣì ń bẹ lọ́fun rẹ. Wólẹ̀ níbi tí o wà, ké pe Jésù, kí o sì dìde lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Lónìí ni o, kí ó tó di pé o la ẹnu, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.